Wúrà Inú Kápẹ́ẹ̀tì Mọ́ṣáláṣí

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń jẹun lórí ìdúró ní àdúgbò Danmagaji, ní Zaria níhìn-ín, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Bùràímọ̀ ni, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò sì tíì rí i kó jókòó ti àwo oúnjẹ kan títí tó fi tán. Yóò bu òkèlè kan, yóò dìde lọ wò ó bóyá ẹnu ẹ̀rọ ń jò; yóò bu ìkejì, yóò jáde lọ wo ẹni tó ń kọjá lójú títì. Èmi Sàlíhù, télọ̀ ni mí ní Sabon Gari, orí ìjókòó ni oúnjẹ tèmi wà, nítorí náà ìwà yìí máa ń bí mi nínú. Mo ti sọ fún un títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, pé kó fi ara rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á sì dìde.

Ẹ̀rọ omi ló ń tún ṣe nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọn á rán an lọ sí abúlé yìí lónìí, sí abúlé yẹn lọ́la, ìyẹn sì bá a lára mu. Nígbà tó fẹ̀yìntì, gbogbo wa rò pé yóò wá sinmi. A ò mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti tú fáànù ilé palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fáànù tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó kun ilẹ̀kùn àbáwọlé, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó hó ọ̀dà náà kúrò, ó tún un kùn. Ẹ̀gbọ́n mi Hàbíbàt, ìyàwó rẹ̀, tó ń ta tùràrí nínú ilé, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan.

Ó ní, "Sàlíhù, bá mi wá iṣẹ́ fún ọkùnrin yìí kó tó tú èmi náà palẹ̀."

Iṣẹ́ ọ̀hún, òun fúnra rẹ̀ ló wá a. Nígbà òjò ọdún 2023, ó kó pákó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan án láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan nǹkan kan tó gùn tó èèyàn, tí kò ní ìdérí, tí orí àti ìdí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Aládùúgbò wa kan yọjú láti orí ògiri, ojú rẹ̀ le, ó ní, "Malam Bùràímọ̀, wa ya rasu?" Ó ń béèrè ẹni tó kú, ó sì ń wò ó pé láti ìgbà wo ni Mùsùlùmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi pósí sin òkú. Bùràímọ̀ ní gọ́tà ni, wúrà lòun fẹ́ fi wá. Aládùúgbò náà fa orí padà lẹ́yìn ògiri. Ó dàbí ẹni pé ìdáhùn yìí bà á lẹ́rù ju òkú lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè é ní Baba Mai Gwal, Bàbá Oníwúrà.

Bí gọ́tà ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, ó wá fi àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀, bíi tàwọn ìdábùú àkàbà. Wọn á gbé e dagun sínú odò kí omi lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, wọn á sì máa fi ṣọ́bìrì da iyanrìn sí òkè. Iyanrìn tó fúyẹ́ á bá omi lọ. Wúrà wúwo, kò lè bá wọn sáré, á já sẹ́yìn àwọn pákó yẹn, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ á sì wọ inú irun kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà kan tó bá tún ẹ̀rọ omi wọn ṣe nígbà kan ló ti kọ́ ọ. Ní ti kápẹ́ẹ̀tì, ọdún yẹn náà ni mọ́ṣáláṣí wa pààrọ̀ tiwọn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ti gbó kó wá kó o. Èmi ni mo bá a gbé e sórí kẹ̀kẹ́ Maruwa. Ó ní irú irun tó nípọn báyẹn ò sí lọ́jà mọ́.

Ẹ má rò pé owó ló ń lé. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń bọ́ ọ. Yẹtí kan ló ń wá.

Nígbà tí Hàbíbàt ń lọ sílé ọkọ, ìyá wa bọ́ yẹtí wúrà méjì kúrò létí ara rẹ̀, ó fi í sí i létí. Yẹtí kọ̀ọ̀kan dà bí ọmọ àgbàdo méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ìlọrin ni ìyá ìyá wa ti mú un wá sí Zaria, kò sì sí obìnrin kan nínú ilé wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì Iléyá kan, nígbà tí Islamiyat ọmọ wọn ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọ́n lọ ṣeré létí odò Galma. Ni etí bá ń yún ẹ̀gbọ́n mi. Ó bọ́ yẹtí méjèèjì, ó fún ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi mú un dání." Ẹlòmíràn á mú un dání. Bùràímọ̀ rí àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì bọ́ sómi láti ran àwọn tí kò pè é lọ́wọ́. Nígbà tó jáde, yẹtí kan ṣoṣo ló kù nínú àpò rẹ̀.

Wọ́n wá a títí Mọ̀ǹgàríbì. Hàbíbàt kò jà. Ó kàn ní, "Ó ti lọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Ó fi èyí tó kù sínú agolo àtíkè tó ti tán, ó ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ méjì kéékèèké, ó fi wọ́n sínú ihò etí rẹ̀ kí ó má baà dí. Láti ìgbà náà, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, igi ìgbálẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá gbó, á ṣẹ́ òmíràn. Kò fi yẹtí mìíràn sí i, kódà èyí tí wọ́n ń tà ní wọ̀ǹtìwọnti lọ́jà. Híjáàbù bò ó, ará ìta kò rí i. Ẹni tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń rí i.

Mo bá a lọ sódò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní oṣù kẹjọ. Odò kékeré kan ni, ó tó ìrìn wákàtí kan lórí alùpùpù rẹ̀, lẹ́yìn oko bàbá Hausa kan tó gbà á láyè. N kò mọ ohun tí mo wá lọ. Bùràímọ̀ da iyanrìn, ó gbọ́n omi, ó tún gọ́tà gbé, ó ní ó dagun jù. Ó tún un gbé, ó ní kò dagun tó. Nígbà tí a kírun Àìlà tán, kò tíì sálámà dáadáa tójú rẹ̀ fi padà sódò. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ó gbọn ohun tó wà lẹ́yìn àwọn pákó sínú abọ́ tánganran, ó bu omi sí i, ó sì wọ́n ọṣẹ Omo díẹ̀ sí i.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fọ aṣọ ni?"

Ó ní, "Wúrà tó rí bí ìyẹ̀fun máa ń léfòó lójú omi. Omi ló ń gbé e, kì í ṣe pé ó fúyẹ́. Bí o bá fi ọṣẹ sí i, omi ò ní lè gbé e mọ́, ṣe ni á rì sísàlẹ̀."

Ó yí abọ́ náà títí, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì inú rédíò àtijọ́ fa iyanrìn dúdú kúrò, ó wá na ìka sí nǹkan kan. N kò rí i. Ó gbé e sínú oòrùn, mo wá rí i: ó kéré ju eyín èèrà lọ, ó sì ń pọ́n yòò. Inú bí mi débi pé mo jókòó sórí àpáta. "Nítorí èyí lẹ ṣe gbé mi kúrò nídìí máṣíìnì mi?" Ó fi ìyẹ́ adìyẹ gbé e sínú ìgò kékeré tí oògùn ojú ti tán nínú rẹ̀, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní, "Sàlíhù, ká ní ó bá mi jà lọ́jọ́ náà ni, ìjà ọ̀hún ì bá ti tán." Ìyẹn ni mo gbọ́ dáadáa. Ó wá ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nínú gọ́tà, ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó sọ ọ́ pẹ́. Oníbàárà kan ń pè mí lórí fóònù nígbà náà nítorí kàfùtáànì rẹ̀, ọkàn mi sì wà lọ́dọ̀ oníbàárà náà. Ohun tó dá mi lójú pé ó sọ ni pé bí òjò bá tán, òun á kó gbogbo kápẹ́ẹ̀tì náà jọ, òun á dáná sun ún. Mo ní ó dáa. N kò béèrè ìdí. Èmi tí mo máa ń sọ pé ọkùnrin yìí kì í fara balẹ̀, èmi ni mi ò fara balẹ̀ gbọ́rọ̀.

Òjò méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kápẹ́ẹ̀tì kan bá ti kún fún ẹrẹ̀, á jẹ́ kó gbẹ, á ká a, á tò ó sínú yàrá ẹrù, á sì gé òmíràn. Kò sọ ti yẹtí fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fi Ọlọ́run bẹ̀ mí kí n má sọ. Hàbíbàt rò pé ara ló ń ta á. Ó tiẹ̀ dúpẹ́ pé ó rí ibì kan lọ.

Ọdún kejì ni wọ́n wá tọrọ Islamiyat, tó ń ṣe tíṣà ní iléèwé aládàáni kan ní Hanwa. A mú ọjọ́ yìgì sí Sátidé kejì nínú oṣù Disẹ́ńbà. Láti ọjọ́ tí a ti mú un ni ara Bùràímọ̀ ti wá di ti ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀. Lọ́jọ́ yìgì, àwọn obìnrin á jókòó nínú yàrá láàárín ara wọn, wọn á bọ́ híjáàbù, ìyá ìyàwó á sì jókòó sáàárín wọn. Ó ní ìyàwó òun ò ní jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ létí, láé. Ó gbé ìgò rẹ̀ lọ bá Malam Bashir, alágbẹ̀dẹ wúrà kan nínú ìlú àtijọ́. Bashir wọn ohun tó wà nínú ìgò, ó ní kò tó ìdajì yẹtí kan. Bùràímọ̀ kò mikàn. Ó ní ìyókù wà nínú kápẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù sí yìgì lọ́jọ́ Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí bàjẹ́. Bùràímọ̀ ti jáde láti àárọ̀, ó ń wá ààbọ̀ àgbá tí yóò sun kápẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí ẹlòmíràn á rà lọ́jà kan, ọjà mẹ́ta lòun á yí ká kó tó rà á. Mo wá sílé wọn láti wọn aṣọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá a tó ń palẹ̀ yàrá ẹrù mọ́, nítorí àwọn àlejò ń bọ̀ láti Ìlọrin, wọ́n sì nílò ibi tí wọ́n á tọ́jú ìrẹsì sí. Ó gbé máásà fún mi, mo ń jẹ ẹ́. Ó yọjú láti inú yàrá náà, ó di kápẹ́ẹ̀tì kan mú tó le gbagidi fún ẹrẹ̀.

Ó ní, "Ṣé kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí kọ́ lèyí?"

Mo ní òun ni.

"Èyí tí àwọn èèyàn ti forí kanlẹ̀ lé lórí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kó sínú ẹrẹ̀ báyìí? Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Máásà wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ó ní òun fẹ́ dáná sun wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Mo rí i pé ohun tí mo sọ wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n n kò ronú kọjá ibẹ̀. Ó ní, "Subhanallahi. Nínú ilé mi? Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí yìgì ọmọ mi?" Ó gbé fóònù, ó pe Mùínàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àsàlátù wọn. Kò tó wákàtí kan tí obìnrin mẹ́rin fi ká apá aṣọ sókè lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tó ń gbé omi lọ sídìí igi góbà. Èmi ni mo bá wọn gbé kápẹ́ẹ̀tì jáde. Méjìlá ni. Èmi náà ni mo lọ ra ọṣẹ Omo, ọ̀rá ńlá mẹ́ta. Wọ́n gún un mọ́lẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, wọ́n ń kọ orin àsàlátù. Omi pupa ń ṣàn lọ, èmi sì ń yìn wọ́n pé wọ́n ṣe iṣẹ́ láádá. Oòrùn ọyẹ́ mú un gbẹ kó tó di Alásárì. Mùínàt ní ilé kéú kan wà nítòsí tí àwọn ọmọ ń jókòó sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n sì gbé e lọ síbẹ̀ ní sàárà.

Bí kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn lọ ti ń yí kọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó gbé Bùràímọ̀ àti ààbọ̀ àgbá rẹ̀ ń bọ̀.

Ó wọ yàrá ẹrù, ó jáde. Ó ní, "Ìyá Islamiyat, kápẹ́ẹ̀tì mi dà?"

Hàbíbàt ti ń dúró dè é. "Haba, Bàbá Islamiyat. Ohun tí a fi kírun lẹ fẹ́ sun níná? A ti fọ̀ ọ́, a ti fi ta àwọn ọmọ kéú lọ́rẹ. Láádá rẹ̀ á kàn yín."

Kò bínú, kò pariwo. Ó wò mí. Ó ní, "Sàlíhù, ṣebí mo ti ṣàlàyé fún ọ?"

Ìgbà yẹn ni gbogbo ohun tó sọ létí odò padà sí mi létí, àfi bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́. Ó ní wúrà tó rí bí ìyẹ̀fun kì í fẹ́ kúrò nínú irun kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn awakùsà kì í fọ̀ ọ́, wọ́n máa ń sun ún, wọ́n á wá fi omi yọ wúrà nínú eérú. Ìtìjú mú mi débi pé n kò lè gbé ojú sókè. Ó bọ́ síta, mo tẹ̀ lé e.

Ilé kéú ló ń lọ, ó fẹ́ lọ gba kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Ó ní gbogbo rẹ̀ kò lè tíì ṣàn lọ tán. Ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sáré tẹ̀ lé ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ bí ogójì ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì náà, wáláà lórí itan wọn, wọ́n ń ka kéú. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wà níwájú kò kàwé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa irun kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó ń pa á bọ̀. Bùràímọ̀ wò ó títí. Málámù wọn kí i ní "Sannu da zuwa", ó dáhùn, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó yí padà.

A rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ó wá dúró gbọnrangandan láàárín títì, kẹ̀kẹ́ ń fun fèrè mọ́ wa lẹ́yìn.

Ó ní, "Ọṣẹ wo ni wọ́n fi fọ̀ ọ́?"

Mo ní, "Omo ni. Ọ̀rá mẹ́ta. Èmi ni mo rà á." Mo ń retí pé kó kúkú gbá mi létí.

"Ọ̀rá mẹ́ta," ni ó wí. Ó di orí mi mú, ó fi ẹnu ko iwájú orí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sílé. Ìgbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé, ó ń fi ọwọ́ bu ẹrẹ̀ sínú korobá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rí Baba Mai Gwal tó ń wa gọ́tà ilé ara rẹ̀. Ó gbé gọ́tà onípákó tó fi ń wá wúrà lódò sẹ́bàá ibi ìfọṣọ, ó gbé orí pákó náà lé búlọ́ọ̀kù, ó ń bu ẹrẹ̀ sí i, èmi ń fi korobá da omi. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo ń fọ̀. Àwọn aládùúgbò gun ògiri, wọ́n ń wò wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Hàbíbàt fara dà á títí tó fi sú u, ó wá dúró lé wa lórí.

"Bàbá Islamiyat, àlejò ń bọ̀ láti Ìlọrin, ẹ ń wa ẹrẹ̀ gọ́tà jáde sáàárín ilé. Kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?"

Bùràímọ̀ ń wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí n kò ní sọ ìdajì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: odò Galma, òjò méjì, ìgò oògùn ojú, Malam Bashir, eérú tí ì bá ti dà sínú abọ́ ká ní mo ní etí. Mo sọ pé ọjọ́ yìgì ló ń lé.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sábẹ́ híjáàbù, ó fi kan etí rẹ̀. Ó wá lọ gbé àpótí ìjókòó kan wá, ó gba korobá lọ́wọ́ mi, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Òun mọ̀ ọ́n dà jù mí lọ. Omi rẹ̀ ń lọ ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé, kì í ya.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ẹ ń rò pé mo ń bínú láti ọjọ́ yẹn ni?"

Bùràímọ̀ ní, "O ò jà."

"Ta ni mo fẹ́ bá jà? Mo mọ̀ pé ẹ ò lè dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ yín, gbogbo ọkùnrin tó kù ní Sabon Gari ń sùn. Èmi ni mo fi nǹkan ìyá mi lé ẹni tí kò lè dúró lọ́wọ́. Ara mi ni mo bá jà." Ó da omi. "Bí ẹ bá ti sọ fún mi, ǹ bá ti máa bá yín dà á láti ọdún méjì."

Mo dìde, mo lọ wo igi góbà. Ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù fún mi, omi sì ti ń wá sójú mi.

Ọṣẹ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú gọ́tà náà ni gbogbo ohun tí a rí ti rì sí, lábẹ́ bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti eyín kóòmù. Kò pọ̀ tó bí eérú ì bá ti mú un wá. Nígbà tí àwa mẹ́ta gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Bashir, tó wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ti inú ìgò, ó mi orí, ó ní, "Sai haƙuri, Malam." Sùúrù ló ní ká ṣe, kò lè tó yẹtí bíi ti àkọ́kọ́. Ó lè ṣe ọmọ àgbàdo kan, kì í ṣe méjì, kó sì tín-ín-rín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Bùràímọ̀ ti ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù nínú àpò rẹ̀. Odò tiwa ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́ nípa odò kan tí kì í gbẹ, lápá ibì kan tí àwọn èèyàn kì í gbà kọjá mọ́ nítorí àwọn ajínigbé. Ó ní ọjọ́ kan péré ti tó òun.

Hàbíbàt gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú bùràsíà. Ó sọ fún Bashir pé, "Ya isa, ó ti tó. Ohun tó bá lè dà ni kó dà."

Ní òwúrọ̀ yìgì, mo gbé aṣọ ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá fún un. Ó ti bọ́ híjáàbù, ó jókòó síwájú dígí. Ó fi yẹtí ìyá wa sí etí ọ̀tún. Ó fi tuntun sí etí òsì. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré, ẹni tó bá fojú sí i á rí i kíá pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Mùínàt béèrè ibi tó ti rí ìkejì tó rí báyìí. Ó ní, "Bàbá Islamiyat ló wà á nílẹ̀," ó sì gbé orí sókè bí ẹni tó ń bá wọn dupò. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi igi ìgbálẹ̀ méjèèjì tó yọ létí sí i lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé lé wọn lórí.

Ó ní, "Ẹ bá mi mú un dání."

Bùràímọ̀ ní, "Títí dìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi so yìgì tán."

Ẹ ò mọ bí ohun tí wọ́n ní kó ṣe yìí ti le tó fún un. Lábẹ́ kánópì, àga rẹ̀ wà níwájú gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó. Ìmáàmù wa kì í sọ̀rọ̀ kúkúrú. Máíkì ń hu, ó ń dákẹ́, ó tún ń hu, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe jù wà níbẹ̀, ìgbésẹ̀ méje péré sí i. Jẹnẹrétọ̀ ṣíwọ́ lẹ́yìn wa, àwọn ọ̀dọ́ ń fa okùn rẹ̀, kò jí. Mo ń wo Bùràímọ̀. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bo ojú rẹ̀ nínú ọyẹ́, ìkúùkù rẹ̀ ọ̀tún wà lórí itan. Ìdí rẹ̀ kò kúrò lórí àga. Wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ bàbá, ó dáhùn láti ibi tó jókòó sí. Wọ́n so yìgì náà.

Ìmáàmù ní ká gbé ọwọ́ àdúà sókè. Gbogbo wa tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, Bùràímọ̀ náà sì ṣí ìkúùkù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo na ọrùn láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò ó. Igi ìgbálẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ti tutù fún òógùn. Mo kà á. Méjèèjì pé.